Oje Igi Tí Òǹgbẹ Ń Gbẹ

Kí n tó mọ ohun tí à ń pè ní àwòrán ni mo ti mọ oje igi. Nínú àgbàlá ìyá mi ní Niamey, lẹ́yìn ọjà tí àwọn Faransé sọ ní Petit Marché, ọkùnrin méjì a máa jókòó kojú ara wọn láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, ìtì igi kan tí a ti bó, tí a ti fá, tí ó ń dán bí orí arúgbó a dùbúlẹ̀ láàárín wọn, wọn a sì máa fi òòlù onígi lu aṣọ gínì, èyí tí wọ́n ń pè ní bazin níhìn-ín, ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ sókè bí èkejì ti ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó bá gbọ́ ọ láti ojú títì a rò pé à ń ṣe ìyàwó ní, nígbà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ ni à ń wá. Kí aṣọ tó dé abẹ́ òòlù, a ó ti rì í sínú omi tí a fi oje yìí pò, nítorí òun ló ń mú kí aṣọ le kankan, òun náà ló sì ń mú kí ó máa dán yinrin-yinrin bí òòlù bá ti bà á tán. Karo ni àwọn Hausa ń pè é. Iṣẹ́ tèmi, ọmọ tí kò tíì tó ẹni à ń fi òòlù lé lọ́wọ́, ni láti rẹ ẹ́ sínú igbá ní alẹ́, kí n sì ṣa èèpo igi àti òkú èèrà tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tó le bí òkúta ní àná a ti wú, a ti ń yọ̀ bí ilá, a sì ti mú àwọ̀ oyin. Mo máa ń jí ẹyọ kan jẹ nínú rẹ̀. Kò dùn, kò korò, ṣùgbọ́n kì í tètè tán lẹ́nu.

Ibòmíràn tí mo tún ti bá a pàdé ni ilé kéwú. Àlùfáà wa, ọmọ Zarma, a máa ha dúdú ìdí ìkòkò, a pò ó mọ́ omi àti oje igi yìí kan náà, a di tàdáwà; òun ni a fi ń kọ̀wé sára wàláà. Bí a bá ti kà á tán, tí àlùfáà sì gbà pé ó ti wọ̀ wá lórí, omi ni à ń dà sí i, tí gbogbo ohun tí a fi òwúrọ̀ kan gbáko kọ a tún padà di omi, tí a ó gbè é sínú igbá, tí ìyá ọlọ́mọ kan a sì wá gbà á bíi hàǹtú fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ oje náà pẹ̀lú tàdáwà kì í ṣe àdéhùn ayérayé. Á dì í mú títí omi yóò fi dé, bí omi bá ti dé, á jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ Ajílété, ó bá ọkọ rẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn wá sí ìlú tí òjò ti ń ṣe bí àlejò, tí ó jẹ́ pé bí ó bá fi oṣù mẹ́ta yalé ẹni, a ó máa dúpẹ́. Bàbá mi kò pẹ́ láyé. Ó fi ọmọ mẹ́rin àti ìdì aṣọ mélòó kan sílẹ̀ fún un, aṣọ náà ló sì fi tọ́ wa, tó fi rán wa níwèé, tó fi sọ wá di ẹni tí ń jókòó sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa. Ìwé àtijọ́ àti ìwé ìròyìn àná ló máa ń rà tó fi ń di ọjà fún oníbàárà, nítorí ọ̀rá kò tíì gba ìgboro nígbà náà. Ní ọjọ́ kan, òyìnbó obìnrin kan, míṣọ́nnárì tí ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, ta àpótí ìwé kan fún un ní owó táṣẹ́rẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa já ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo já ìwé kan tán, mo já èkejì, mo wá ṣí ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi kò sì lè já a mọ́.

Happy England ni orúkọ ìwé náà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1903. Marcus Huish ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Helen Allingham ló ni àwòrán. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì kò sì tíì yé mi, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè fi ìwé náà ṣe ju kí n máa wò ó lọ. Mo rí ilé abúlé tí a fi koríko bo orí rẹ̀, bí a ti ń fi koríko bo ilé níhìn-ín. Mo rí obìnrin tó gbé ọmọ mọ́ àyà lẹ́nu géètì onígi, mo rí ológbò lójú ọ̀nà, mo rí òdòdó tó ga ju ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni ọmọbìnrin òyìnbó kan tí ń sá aṣọ. Àwọn òyìnbó tí mo mọ̀, àwọn tó ń gbé ní àdúgbò Plateau, alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ wọn, alásè ló ń se oúnjẹ wọn, ẹlòmíràn ló ń bá wọn gbé ọmọ wọn pọ̀n. N kò mọ̀ pé ní ilé wọn lọ́hùn-ún ẹnìkan nínú wọn ń pọn omi, pé ẹnìkan ń gbálẹ̀, pé ẹnìkan ń dúró dè oòrùn kí aṣọ gbẹ. Mo gbé e lọ bá ìyá mi.

"Ìyá, ẹ wo òyìnbó tó ń sá aṣọ."

Ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ó ti máa ń wo aṣọ tí ó bá fura sí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń ṣe?" ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọn kò fún un gbẹ. Wo bí ó ṣe wó ewé mọ́lẹ̀." Ó dá ìwé náà padà fún mi, kò sì tún béèrè rẹ̀ mọ́ láti fi di ọjà.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ ìtàn obìnrin tó ya àwòrán wọ̀nyí. Ọdún 1848 ni wọ́n bí i, Helen Paterson ni orúkọ rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Oníṣègùn ni bàbá náà, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tó ń wò lára àwọn ẹlòmíràn ló sì kó, tó pa á ní 1862, nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Birmingham àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ya àwòrán fún ìwé ìròyìn The Graphic kí ó lè rí owó jẹun, kí ó tó fẹ́ William Allingham ní 1874, akéwì ọmọ Ireland tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún jù ú lọ. Ní 1881 wọ́n kó lọ sí ẹ̀bá Witley ní Surrey, níbẹ̀ ló sì ti ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àpótí ọ̀dà rẹ̀, tí ń ya ilé àwọn tálákà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1889 ọkọ kú, ó ku òun àti ọmọ mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì ló sì fi tọ́ wọn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni Ẹgbẹ́ Ọba ti àwọn ayàwòrán ọ̀dà olómi, èyí tí a ti dá sílẹ̀ láti 1804, gbà á wọlé pátápátá, òun sì ni obìnrin kìíní tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó kú ní 1926, ọdún náà gan-an tí àwọn Faransé sọ Niamey, tí kò ju àkójọpọ̀ abúlé apẹja lọ ní ìgbà èwe obìnrin yìí, di olú-ìlú. Kò sí ohun tó so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n opó tí ń fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ọmọ kò ṣàjèjì sí mi.

Ní ìgbà ìjọba Ọbabìnrin Victoria, láti 1837 títí di 1901, ọ̀dà elépo ni wọ́n fi ń ya ọba àti ọ̀gágun, tí ń gba oṣù gbáko, tí ń béèrè ògiri ńlá. Ọ̀dà olómi ni ti ẹni tó fẹ́ gbé àpótí kékeré sí abẹ́ apá jáde lọ wo obìnrin tí ń bọ́ adìẹ. Nígbà tí Winsor àti Newton ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1832, tí wọ́n sì rí ọgbọ́n fi gílísírìn sínú ọ̀dà kí ó má baà le bí òkúta, àwọn ọmọge ilé olówó àti àwọn akọ̀wé tí kò lówó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí ó wà níwájú wọn. Ohun tó wà níwájú wọn kì í sì í ṣe ogun. Láti inú èyí ni àwọn bíi Myles Birket Foster ti jáde, ẹni tó ti ń gbé ní Witley kí Allingham tó dé ibẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò fojú rere wo iṣẹ́ obìnrin yìí, ẹjọ́ wọn kò sì ṣofo. Wọ́n ní ilé tó ń jò ló yà bí ẹni pé ààfin ni, pé bí onílé bá ti yọ fèrèsé àtijọ́ tí ó sì fi tuntun síbẹ̀, Allingham a tún dá ti àtijọ́ padà sórí tákàdá, pé ikọ́ àti ebi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà kò hàn nínú àwòrán rẹ̀ rárá. Òtítọ́ ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ń pa lórí ẹní kò lè fi òwe náà sin àlejò. Síbẹ̀ n kò lè bá wọn dá a lẹ́bi tán. Ó mọ̀ pé wọ́n ń wó àwọn ilé náà. Àwọn olówó láti Lọ́ńdọ̀nù ń rà wọ́n, wọ́n ń tún wọn kọ́. Ó sì ń sáré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" ní "wò" nínú, ó sì ní "rántí" nínú, pé ohun tí a wò kí a lè rántí ni. Bí a bá ń rántí ìyá ẹni tó ti kú, ṣé wàrápá tó ń dà á láàmú ni a kọ́kọ́ máa ń rántí?

Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti inú ìwé. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló mú mi lọ sí Burgh House ní Hampstead, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ jọ sí. Mo tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí iná lè gba ojú tákàdá kọjá, mo sì rí ibi tó ti fi ọ̀bẹ fá a kí ìmọ́lẹ̀ lè yọ lára ewé: ojú ọ̀gbẹ́ wẹ́wẹ́, tí funfun tákàdá ń wò láti inú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ padà wálé, ọmọ náà ra àpótí ọ̀dà kan fún mi, ó ní kí àgbà má kàn jókòó máa ka ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá. Nínú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ṣí i. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀, ní èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo sì kà nínú ti Faransé pé àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná ni, pẹ̀lú gomme arabique.

Mo bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó tì mí fi wò mí lójú. Karo! Karo tí mo ń ṣa èèrà kúrò lára rẹ̀! Òun ló di òdòdó Surrey mú sórí tákàdá fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, òun ló di ìkúùkù mọ́ ojú ọ̀run níbẹ̀, òun ló di aṣọ tí wọn kò fún gbẹ náà mú. Àwọ̀ fúnra rẹ̀ eruku lásán ni. Omi ló ń gbé e dé orí tákàdá, ṣùgbọ́n bí omi bá ti gbẹ tán, bí kò bá sí oje, èémí ẹnu lásán ni yóò fẹ́ ẹ lọ.

Kì í ṣe pé láti ilẹ̀ Niger gan-an ni ti Allingham ti wá. Ní ayé ìgbà náà, odò Senegal ni oje náà ń gbà lọ sí Yúróòpù láti ọwọ́ àwọn ará Mọriténíà, tàbí láti Kordofan ní ilẹ̀ Sudan gba Íjíbítì. Àwọn tí ń tẹ àwọ̀ sára aṣọ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti àwọn ayàwòrán kò ju ẹ̀kán lọ. Nígbà tí aṣáájú ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Mahdi dìde ogun ní Sudan ní 1881, tí Khartoum sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1885, ọ̀nà Kordofan dí. Allingham wà ní Witley nígbà náà, ó ń ya ilé. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Hausa ń pè ní dakwara, ilẹ̀ kan náà ló sì ń hù sí, láti etí òkun ìwọ̀-oòrùn títí dé Sudan, tí a fi kan Gouré àti Diffa tiwa níbí. Bí òjò bá ti dá, tí ewé rẹ̀ sì ti wọ́ dànù, àwọn tí ń kọ ọ́ a fi àáké ṣí èèpo rẹ̀ ní ibi tẹ́ẹ́rẹ́. Igi náà a wá máa sun oje kí ó fi di ojú ọgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan a ti yi jọ bí ẹyin ẹyẹlé kékeré. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, bí ooru bá ti pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oje ń yọ. Igi tó rí omi mu yó kì í ní púpọ̀ láti fún ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èmi àti ọyẹ́. Mo dé sí Niamey ní oṣù kejìlá, mo gbé àpótí mi lọ sí Musée National, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 1959, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Boubou Hama pè lónìí, mo jókòó kọjú sí òkú igi Ténéré, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo tó dá dúró láàárín aṣálẹ̀, tí àwọn oníràkúnmí fi ń mọ ọ̀nà, títí awakọ̀ ẹrù kan fi ní gbogbo aṣálẹ̀ náà láti gbà, tó sì jẹ́ pé igi yìí ló lọ kọlù ní 1973. (Bí wọ́n bá ń sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, igi yẹn ni mo máa ń rántí.) Mo fẹ́ ya ìyá kan tó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kí n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì láti inú ife omi dé orí tákàdá, ọyẹ́ ti mu ún. Àwọ̀ tí ó yẹ kó rọra tàn kálẹ̀ bí ìkúùkù, kó wọnú ara wọn kí ojú má rí ààlà wọn, kàn dúró gan ni, ó fi etí sílẹ̀ bí àbàwọ́n epo lára aṣọ funfun. Mo tún un ṣe, ó tún burú sí i. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ọmọ ìlú olótùútù ni iṣẹ́ yìí, pé òjò ni olùrànlọ́wọ́ Allingham tí kì í gba owó, àti pé ilẹ̀ tó bí oje náà ni kò fẹ́ kí a lò ó báyìí.

Ṣé òun ló fà á tí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kò fi lè ya iṣẹ́ òòjọ́ wa bí wọ́n ti ya tiwọn? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ìrìn àjò ni wọ́n wà, ojú onírìnàjò kì í dúró. William Allen, ọ̀gá nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, tẹ àwòrán odò Ọya jáde ní 1840. Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́, sọdá Ọya kan náà ní Say ní 1853, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó yìí. Ó ń ya nǹkan wéréwéré sínú ìwé rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé rẹ̀ alápá márùn-ún jáde ní 1857 àti 1858, Johann Martin Bernatz, tó mọ ilẹ̀ Etiópíà ṣùgbọ́n tí kò dé ìhà ọ̀dọ̀ wa, ló ti tún àwòrán náà yà fún un. Àwa sì ni odò, àwa ni igi, àwa ni ènìyàn kéékèèké tó dúró níwájú kí a lè mọ bí igi ti ga tó. Ó di 1906 kí ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Aina Onabolu, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ níṣẹ́, tó mú ọ̀dà olómi ní Èkó, tó sì ya Ìyáàfin Spencer Savage bí obìnrin tí a mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ti wá mọ àkókò tó yẹ báyìí. Ìdájí ni, létí odò, lábẹ́ afárá Kennedy, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko tí àwọn alágbàfọ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Omi kì í gbẹ níbẹ̀ bí ti ìgboro. Mo fi òwúrọ̀ mẹ́rin ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń sá aṣọ sórí koríko, agbádá aláró kan tí ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Mo fi ọ̀bẹ fá ìmọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀ bí mo ti rí i ní Hampstead, mo sì rí i dájú pé mo fún un gbẹ dáadáa, nítorí ojú ìyá mi kò kúrò lẹ́yìn mi.

Ní òwúrọ̀ kárùn-ún ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà gòkè wá, omi ń kán lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. "Baba, èmi ni?" Mo ní òun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí agbádá náà láti fi han ẹnìkejì rẹ̀, ìka rẹ̀ tó tutù sì bà á. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ kúrò, apá kan agbádá náà ti bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò gbà mí gbọ́. Ó ń wo orí ìka rẹ̀ tó ti pa láró, bí ẹni tó jí nǹkan tí kò mọ ibi tí yóò gbé e pamọ́ sí, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, ó tẹ ìka náà bọ omi, aró náà sì gba ọ̀nà Say lọ.